Ọkọ̀ Kékeré Tó Fúyẹ́ Lójú Omi

Férémù ṣì wà lára ògiri, kò yẹ̀ kúrò níbi tí wọ́n gbé e kọ́ sí. Àwòrán inú rẹ̀ ni kò sí mọ́. Ìyá Wádìí, ọ̀gá ọlọ́pàá tí wọ́n rán wá ṣe ìwádìí, káwọ́ sẹ́yìn níwájú rẹ̀, ó ń wo ògiri funfun tó hàn láàárín igi aláwọ̀ wúrà náà bí ẹni tó ń yọjú lójú fèrèsé. Aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé kò tíì lù. Olùdarí ilé àwòrán náà, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó wọ kóòtù dúdú, ti sọ ìtàn náà lẹ́ẹ̀mẹta, bó sì ti ń sọ ọ́ tán ló tún ń bẹ̀rẹ̀.

Ohun tó ní í sọ kò pọ̀. Àwòrán tó sọnù yìí ni ojú ilé náà. Ọkọ̀ mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀, lórí omi tó dákẹ́ rọ́rọ́ létí èbúté kan. Olùyàwòrán ayé àtijọ́ kan ló gbé àga rẹ̀ sétí omi, tó yà á ní òwúrọ̀ kan ṣoṣo, tó ń bá oòrùn sáré kí ìmọ́lẹ̀ tó yí padà. Bí èèyàn bá sún mọ́ ọn jù, kìkì àwọ̀ ni yóò rí, búlúù níhìn-ín, pupa rúsúrúsú lọ́hùn-ún, bí ẹni fi ṣíbí bù wọ́n lé ara wọn. Ṣùgbọ́n bó bá fà sẹ́yìn ní ìṣísẹ̀ mẹ́rin, omi náà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í dán, ọkọ̀ yóò sì gúnlẹ̀ lójú rẹ̀ kòrókòró. Àwọn èèyàn a máa ti ọ̀nà jíjìn wá nítorí ìṣísẹ̀ mẹ́rin yẹn. Lọ́la gan-an ni olùyẹ̀wò àwòrán kan ń bọ̀ láti ìlú mìíràn, tí yóò fi ẹ̀rọ wò ó fínnífínní kí wọ́n tó yá a lọ síbi àfihàn ńlá kan.

Ilé náà kì í ṣí fún àlejò lọ́jọ́ Àìkú. Ẹnì kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀ lánàá, ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà tí gbogbo wọn ń pè ní Bàbá Géètì. Ọwọ́ rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ gbọ̀ngàn wà. Olùdarí fi ìka ka ọ̀rọ̀ náà: kọ́kọ́rọ́ kan, ẹ̀ṣọ́ kan, àwòrán kan. Ó ní kí ló tún kù tí wọ́n ń wádìí? Láti aago méje ni Bàbá Géètì ti wà ní àhámọ́, wọn yóò sì gbé e dé ilé ẹjọ́ ní aago mẹ́ta ọ̀sán.

Sájẹ́ǹtì tó tẹ̀ lé Ìyá Wádìí wá, ọkùnrin gíga tó ti bá a ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà tí sùúrù kò tíì mọ́ ọn lára, mi orí pé ọ̀rọ̀ ti yanjú. Ìyá Wádìí kò mi tirẹ̀. Télọ̀ ni ọkọ rẹ̀, a sì máa sọ pé ẹni tó bá fẹ́ mọ irú ọwọ́ tó rán aṣọ, kó yí inú aṣọ náà síta. Ó ní kí wọ́n bá òun sọ férémù náà kalẹ̀, kí wọ́n dà á délẹ̀.

Ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́ tónítóní. Kò sí ibi tí ọ̀bẹ ti gé nǹkan. Ihò ìṣó mẹ́jọ yí i ká, kò sí èyí tó ya nínú wọn. Ìṣó mẹ́jọ náà sì wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, wọ́n tò wọ́n sínú ìdérí ike kan bí ẹni to bọ́tìnnì.

"Olè wo ló ń to ìṣó?" ni sájẹ́ǹtì wí.

"Olè tí kò kánjú," ni Ìyá Wádìí dá a lóhùn. "Tàbí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò mọ bí wọ́n ṣe ń ba nǹkan jẹ́."

Olùdarí ní Bàbá Géètì náà mọ ìṣó yọ, òun ló máa ń bá wọn gbé àwòrán kọ́. Lóòótọ́ ni. Àmọ́ báwo ni àwòrán tó fẹ̀ tó ilẹ̀kùn àpótí aṣọ ṣe jáde? Irin wà lójú gbogbo fèrèsé. Géètì kan ṣoṣo ni ọgbà náà ní, ojú títì tó kún fún èrò ló sì kọjú sí. Kámẹ́rà tó wà lókè géètì ti kú láti oṣù méjì, ṣùgbọ́n oníbàtà tó ń ṣiṣẹ́ ní òdìkejì títì sọ pé òun wà níbẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́ ọjọ́ Àìkú, òun kò rí ẹni tó gbé ohun tó fẹ̀ bẹ́ẹ̀ kọjá.

Wọ́n tú ilé náà tinú tẹ̀yìn. Wọ́n wo ẹ̀yìn àwòrán kọ̀ọ̀kan, wọ́n wo abẹ́ àtẹ̀gùn, wọ́n wo orí àjà. Ẹni tó ń tún àwòrán ṣe nínú ilé náà ló ń ṣí ilẹ̀kùn àti kọ́bọ́ọ̀dù fún wọn. Ọwọ́-Òwú ni wọ́n ń pè é, nítorí òwú ló fi ń nu ìdọ̀tí ọgọ́rùn-ún ọdún kúrò lára àwòrán, kò sì sí ẹni tó rí i kó fi ọwọ́ líle kan nǹkan rí. Ọkùnrin náà ń làágùn. Ó sọ fún Ìyá Wádìí pé Bàbá Géètì kì í ṣe olè. Nígbà tí wọ́n fẹ́ jáde, ó tẹ̀ lé e dé ẹnu ọ̀nà, ó tún sọ bẹ́ẹ̀.

*

Nínú yàrá tí wọ́n ti ń fọ̀rọ̀ wá èèyàn lẹ́nu wò ní àgọ́ ọlọ́pàá, ẹsẹ̀ kan tábìlì kúrú ju ìyókù lọ, páálí ni wọ́n ká sí i nísàlẹ̀. Bàbá Géètì jókòó, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún. Ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ni, oṣù mẹ́ta ló kù kó fẹ̀yìn tì. Wọ́n ti gba bẹ́líìtì rẹ̀ àti okùn bàtà rẹ̀, bàtà náà sì lanu sílẹ̀ bí ẹja.

Ìyá Wádìí mọ bí ẹ̀rù olè ṣe ń rí. Olè a máa wo ẹnu ọ̀nà. Ọkùnrin yìí ń wo àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀. Gbogbo ìbéèrè ló ń dáhùn láìṣẹ́jú: ìgbà tó gbálẹ̀, ìgbà tó jẹun, ìgbà tó ti gbọ̀ngàn. Ó ní òun lè fi sàréè ìyá òun búra pé nǹkan kan kò gba géètì jáde. Ìgbà tí Ìyá Wádìí wá bi í pé ta ló wọlé lánàá ni ohùn rẹ̀ fà díẹ̀.

"Kò sí àlejò kankan tó wọlé."

Ìyá Wádìí gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀. "Bàbá, mi ò béèrè àlejò lọ́wọ́ yín. Mo ní ta ló wọlé?"

"Mo ti dá ọ lóhùn, ọmọ mi."

"Ìbéèrè tó wù yín lẹ dáhùn. Èyí tí mo bi yín ṣì wà nílẹ̀."

Bàbá náà ní òun ti fi ẹnu òun ṣèlérí fún ẹnì kan lórí ọ̀rọ̀ kékeré kan tí kò bá olè tan rárá, àti pé àgbà tó bá ń ká ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò bí ẹni ká ẹní, ọjọ́ kan á dé tí kò ní rí ohun tí yóò jókòó lé. Ìyá Wádìí rán an létí pé aago mẹ́ta ń bọ̀. Bàbá náà ní òun mọ̀ pé aago mẹ́ta ń bọ̀.

Ìyá Wádìí jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Sájẹ́ǹtì ní bàbá náà ń bo ẹni tí wọ́n jọ jalè mọ́lẹ̀. Ìyá Wádìí ní rárá, ẹni tó bá ń bo olè mọ́lẹ̀ a máa pa irọ́, bàbá yìí kò sì pa irọ́ kan ṣoṣo láti àárọ̀. Bàbá náà ní àlejò kankan kò wọlé. Ó ṣe tán láti fi ẹ̀wọ̀n ṣeré kó má bàa pa irọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ẹnì kan wọlé, ẹni náà kì í sì í ṣe àlejò lójú rẹ̀.

Ojú sájẹ́ǹtì là. Ó fa ìwé ńlá kan yọ lábíyá rẹ̀, ìwé tí àwọn àlejò ilé àwòrán ń kọ orúkọ sí. Ó ti ń wá ìgbà tí yóò fi í hàn. Obìnrin arúgbó kan wà tó ń wá lójoojúmọ́ fún ọdún mọ́kànlá, tó ń jókòó síwájú àwòrán ọkọ̀ yẹn fún wákàtí kan gbáko. Bàbá Géètì a máa fi ṣàwàdà, a máa pè é ní ìyàwó òun. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, arúgbó náà dáwọ́ dúró lójijì, kò sì tún fi ẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀ mọ́.

"Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, Ọ̀gá," ni sájẹ́ǹtì wí. "Ta ló tún jẹ́ àlejò ní ilé tó ti ń wá fún ọdún mọ́kànlá?"

Ìyá Wádìí ti ń rìn lọ sídìí mọ́tò.

*

Yàrá kan ni arúgbó náà ń gbé ní ìsàlẹ̀ ilé alájà mẹ́ta kan. Wọ́n bá a lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn, ó dojú àga kan dé sórí itan, ó ń fi sáńpépà ha ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin ni, apá rẹ̀ sì le bí okùn. Bàbá rẹ̀ fi ogójì ọdún kan ọkọ̀ ojú omi, òun náà sì bá a yọ́ ọ̀dà ìkunkọ̀ títí ó fi lọ ilé ọkọ.

Nígbà tó gbọ́ ohun tó gbé wọn wá, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi gbé sáńpépà sílẹ̀. Ó ní kí wọ́n wo yàrá òun, kí wọ́n fi ibi tí òun yóò gbé irú àwòrán bẹ́ẹ̀ kọ́ han òun, àfi tí òun yóò bá máa sùn níta. Sájẹ́ǹtì yọjú wo yàrá náà. Òótọ́ ló sọ. Bẹ́ẹ̀dì, kọ́bọ́ọ̀dù àti àpótí irinṣẹ́ bàbá rẹ̀ ló wà níbẹ̀, èèyàn fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí ibi yíjú sí.

"Ẹ forí jì wá, Màmá," ni Ìyá Wádìí wí. "Kí ló dé tí ẹ ò lọ mọ́?"

Arúgbó náà ń fi àtàǹpàkò pa ẹsẹ̀ àga náà. Ó ní òun kò fẹ́ sọ ọ́, kí wọ́n má bàa ní ogbó ti dé ojú òun. Ó ní òun ti sọ ọ́ fún olùdarí, olùdarí sì ní kí òun lọ pààrọ̀ awò ojú òun.

"Èmi kì í ṣe olùdarí, Màmá. Ẹ sọ ọ́ fún mi."

"Wọ́n gbé e lọ kí wọ́n nu ìdọ̀tí ara rẹ̀ lóṣù tó kọjá," ló wí. "Ó lo ọjọ́ mẹ́wàá lọ́hùn-ún. Nígbà tó dé, mo jókòó síbi tí mo máa ń jókòó sí. Àwọn ọkọ̀ ńlá méjèèjì wà bí wọ́n ṣe wà. Ṣùgbọ́n èyí kékeré tó wà ní igun ọ̀tún ti fúyẹ́."

"Ó fúyẹ́ báwo?"

"Àpò mẹ́fà ló wà nínú ọkọ̀ yẹn. Ọkọ̀ tó ru àpò mẹ́fà, ó di dandan kó wọ omi. Bó ṣe rí tẹ́lẹ̀ náà nìyẹn, omi fẹ́rẹ̀ẹ́ bá etí rẹ̀ dọ́gba. Ẹni tó yà á jókòó ti omi, ó sì mọ ohun tó ń wò. Ní báyìí, àpò mẹ́fà ṣì wà nínú rẹ̀, ọkọ̀ náà wá léfòó bí igbá òfìfo. Bí mo ṣe ń wò ó ni inú ń bí mi. Mi ò lè máa lọ jókòó ti irọ́ lójoojúmọ́, ọmọ mi."

Ìyá Wádìí kúnlẹ̀ kí arúgbó náà, ó sì yára jáde débi pé sájẹ́ǹtì ní láti sáré bá a.

*

Aago méjìlá ti kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá nígbà tí wọ́n wọ mọ́tò. Sájẹ́ǹtì ń wa ọkọ̀, ó ń sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ náà ń dùn ún sọ bó ṣe ń yé e. Wọ́n ti pààrọ̀ àwòrán náà láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nígbà náà. Ayédèrú ló wà lára ògiri látìgbà yẹn, ayédèrú náà ni wọ́n sì jí lánàá. Ṣùgbọ́n ta ló ń jí ayédèrú?

Ìyá Wádìí ní ẹni tí kò fẹ́ kí olùyẹ̀wò rí i lọ́la ni. Ẹ̀rọ olùyẹ̀wò yóò tú àṣírí rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan. Bí àwòrán bá sọnù, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni yóò yẹ̀ wò.

Sájẹ́ǹtì lu ọwọ́ mọ́ ìtọ́kọ̀. Ó ní ó ti tán nìyẹn, Ọwọ́-Òwú ni, ọwọ́ rẹ̀ ni àwòrán wà fún ọjọ́ mẹ́wàá, ó ya ayédèrú, ó ta ojúlówó. Ó fẹ́ yí ọkọ̀ padà kí wọ́n lọ mú un lójú ẹsẹ̀.

"Dúró ná," ni Ìyá Wádìí wí. "Ohun kan kò tíì yé mi. Ọkọ̀ kékeré yẹn."

Ó ní kí sájẹ́ǹtì rò ó wò. Bí olè bá gbé ojúlówó síwájú, tó ń wò ó tó ń yà á, ṣé yóò ṣì í? Ọwọ́-Òwú kì í ṣe ẹni tí í ṣe àṣìṣe tí arúgbó yóò jókòó rí. Ó ya ọkọ̀ ńlá méjèèjì láìku ẹyọ kan. Kí ló dé tí ti kékeré fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀?

Wọ́n yà sí ìsọ̀ kékeré tó wà lẹ́nu ilé àwòrán náà, níbi tí wọ́n ti ń ta káàdì. Ìyá Wádìí ra ọ̀kan tó ní àwòrán ọkọ̀ náà lára. Ó gbé e síbi tí oòrùn ti tàn. Ọkọ̀ ńlá méjèèjì hàn gedegbe. Igun ọ̀tún kò sí níbẹ̀ rárá, wọ́n ti gé e kúrò kí àyè lè gba ọ̀rọ̀ tí wọ́n tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó béèrè lọ́wọ́ olùtajà bóyá káàdì mìíràn wà tàbí ìwé tí gbogbo àwòrán náà wà nínú rẹ̀. Kò sí. Wọ́n kì í jẹ́ kí àlejò ya fọ́tò nínú gbọ̀ngàn, káàdì yẹn nìkan ni wọ́n tíì tẹ̀.

"Àṣìṣe wà níbi tí káàdì parí sí," ni Ìyá Wádìí wí, ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀. "Ẹni tó ya ayédèrú yẹn kò rí ọkọ̀ kékeré nígbà tó ń yà á. Ó rántí àpò mẹ́fà. Kò rántí ibi tí omi dé."

"Ṣebí ojúlówó wà lọ́wọ́ rẹ̀, Ọ̀gá?"

"Ó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Igun yẹn ni kò sí lára rẹ̀ mọ́. Sájẹ́ǹtì, kì í ṣe olè là ń wá. Ẹni tó ba nǹkan jẹ́ là ń wá."

*

Ilé iṣẹ́ Ọwọ́-Òwú wà ní òdìkejì àgbàlá, yàrá kan tó gùn, tó kún fún òórùn òróró àti òórùn oògùn ìfọ̀. Ó jókòó sídìí tábìlì rẹ̀, ó ń ká òwú mọ́ orí igi tín-ín-rín bó ti máa ń ṣe, àwọn tó ti ká sì pọ̀ ju èyí tí èèyàn yóò lò lóṣù kan lọ. Olùdarí tẹ̀ lé wọn wọlé, ó ń wo aago ọwọ́ rẹ̀. Aago kan ti kọjá ogún ìṣẹ́jú.

Ìyá Wádìí kò bá Ọwọ́-Òwú jà. Ó ń wo yàrá náà ni. Àwòrán tó sọnù kò gba géètì jáde, bàbá olóòótọ́ kan ti sọ bẹ́ẹ̀, oníbàtà náà sì ti sọ ọ́. Wọn kò sì rí i nínú ilé. Nǹkan tí kò jáde tí kò sì sí nínú ilé, ó ní láti jẹ́ pé ojú ti rí i tí kò mọ̀ ọ́n. Lára ògiri ẹ̀yìn, kánfáàsì mẹ́fà tí wọ́n ti na aṣọ wọn mọ́ igi fara ti ara wọn. Funfun báláú ni gbogbo wọn, ọ̀dà ìpìlẹ̀ ni wọ́n kùn sí wọn lára, wọ́n ń dúró de ẹni tí yóò ya nǹkan sí wọn. Láàárọ̀, àwọn ọlọ́pàá gbé wọn lọ gbé wọn bọ̀, wọ́n wo ẹ̀yìn wọn, wọ́n sì dá wọn padà.

Ó ní kí sájẹ́ǹtì ti gbogbo fèrèsé. Olùdarí béèrè ìdí. Nígbà tí yàrá náà ṣókùnkùn, Ìyá Wádìí ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ níwọ̀n ìbú ọwọ́ kan, tí oòrùn ọ̀sán fi wọlé bí ọ̀bẹ. Ó gbé kánfáàsì àkọ́kọ́ síbẹ̀, ó dà á lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ìmọ́lẹ̀ lè máa fi ẹ̀gbẹ́ gbá ojú rẹ̀ kọjá. Ó tẹ́jú pẹrẹsẹ. Ó gbé ìkejì. Ó tẹ́jú. Ìkẹta náà tẹ́jú. Nínú òkùnkùn, gbogbo wọn ń gbọ́ bí Ọwọ́-Òwú ṣe ń mí.

Ó gbé ìkẹrin síbẹ̀.

Ojú kánfáàsì náà kò tẹ́jú. Àwọn ìlà tó wú sókè kún ibẹ̀, òjìji tín-ín-rín jókòó sẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, bí Ìyá Wádìí sì ti ń dà á díẹ̀díẹ̀ ni àwọn òjìji náà ń so mọ́ ara wọn. Òpó ọkọ̀ kan yọ. Ìkejì yọ. Omi yọ lábẹ́ wọn, funfun lórí funfun. Ní igun ọ̀tún, ọkọ̀ kékeré kan tó ru àpò mẹ́fà jókòó sókè téńté lójú omi.

"Ọ̀dà funfun lè bo àwọ̀," ni Ìyá Wádìí wí. "Kò lè bo ìrìn ọwọ́."

Ó fi ìka kan tẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ọ̀dà náà kò tíì gbẹ tán.

*

Ọwọ́-Òwú kò sá, kò sì jiyàn. Nígbà tí wọ́n ṣí fèrèsé, omi ti bo ojú rẹ̀. Ó ní ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni òun ti ń ṣe iṣẹ́ náà, òun kò sì fi ọwọ́ òun pa àwọ̀ kan rẹ́ rí. Lọ́jọ́ tí òun fẹ́ nu igun ọ̀tún, òun na ọwọ́ mú ìgò láìwò ó, ìgò náà kì í ṣe ti iṣẹ́ yẹn.

"Òwú kan ṣoṣo ni," ló wí. "Mo fi nù ún lẹ́ẹ̀kan, ọkọ̀ náà bá òwú wá sí ọwọ́ mi. Mo jókòó, mo ń wò ó lára òwú."

Ó ní òun fẹ́ sọ ọ́ lọ́jọ́ yẹn. Òun rìn dé ẹnu ọ̀nà olùdarí, òun gbọ́ bó ṣe ń ròyìn òun fún àwọn àlejò pé kò sí ọwọ́ bíi ti òun, òun sì padà. Òun wá fi ọjọ́ mẹ́sàn-án ya òmíràn. Nígbà tí òun gbọ́ pé olùyẹ̀wò ń bọ̀, oorun sá lójú òun. Lọ́jọ́ Àìkú, òun tọ Bàbá Géètì lọ pé òun gbàgbé awò ojú òun sínú gbọ̀ngàn, bàbá náà sì kó kọ́kọ́rọ́ fún òun, ó padà sídìí géètì rẹ̀. Òun bẹ̀ ẹ́ kó má sọ pé òun wá, nítorí olùdarí ti kìlọ̀ pé òṣìṣẹ́ kankan kò gbọ́dọ̀ wọlé lọ́jọ́ yẹn. Òun sọ pé iṣẹ́ lè bọ́ lọ́wọ́ òun.

Ìyá Wádìí ní, "Láti aago méje ni bàbá yẹn ti wà ní àhámọ́."

"Mo sọ fún yín pé kì í ṣe olè."

"Ẹ̀ẹ̀mejì lẹ sọ ọ́. Ẹ ò sọ bí ẹ ṣe mọ̀."

Ọwọ́-Òwú bo ojú. Ojúlówó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ nílé, ó ti gbé e jáde lóṣù tó kọjá, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò fura, tó ń sọ pé igi lásán ni òun ń gbé lọ sọ́dọ̀ kápẹ́ńtà. Sájẹ́ǹtì bá a lọ sílé, wọ́n sì padà dé ní aago méjì kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, wọ́n gbé ohun kan tí wọ́n fi aṣọ bẹ́ẹ̀dì wé wọlé.

Wọ́n tú aṣọ náà. Yàrá náà dà bí ẹni pé wọ́n tún fèrèsé kan ṣí. Ìyá Wádìí kò mọ ìgbà tó fà sẹ́yìn ní ìṣísẹ̀ mẹ́rin. Omi náà ń dán, ó tutù lójú, ọkọ̀ méjèèjì dúró lé òjìji ara wọn láìmì. Ní igun ọ̀tún, ojú kan wà tó ṣí funfun, tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé lọ.

Olùdarí jókòó sórí àpótí kan. Ìyá Wádìí wo ojú funfun yẹn, ó wo ọkùnrin tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ṣé èyí nìkan ni?"

"Lójú yín, ó kéré," ni Ọwọ́-Òwú dáhùn. "Èmi kò rí ohun mìíràn mọ́ láti ọjọ́ náà."

Ìyá Wádìí ti gbé fóònù sétí. Ó ní kí wọ́n má gbé Bàbá Géètì lọ síbì kankan.

*

Wọ́n pàdé ara wọn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ àgọ́ ọlọ́pàá, ẹnì kan ń jáde, ẹnì kan ń wọlé. Bàbá Géètì ti jókòó sórí báńkì, ó ń fi okùn bàtà rẹ̀ bọ ihò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyàwó rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú àpò aṣọ, ó ti sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú. Ìyá Wádìí ti rò ó fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ọwọ́-Òwú dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí sìmẹ́ńtì. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n."

Bàbá Géètì so bàtà ọ̀tún, ó so ti òsì. Ó dìde, ó wo ẹni tó wà nílẹ̀.

"Mo pa ọ̀rọ̀ rẹ mọ́," ló wí. "Lójú àwọn ọmọdé wọ̀nyí, wọ́n bọ́ bẹ́líìtì mi, mo pa ọ̀rọ̀ rẹ mọ́. O mọ ibi tí mo wà, o dákẹ́."

Ọwọ́-Òwú kò gbé orí sókè. Sájẹ́ǹtì fà á dìde, ó mú un lọ síbi káńtà, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba ohun tó wà lára rẹ̀, bẹ́líìtì, kọ́kọ́rọ́, awò ojú. Bàbá Géètì di ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́ mú, wọ́n sì rìn dé ẹnu ọ̀nà. Níbẹ̀ ló ti dúró. Ó dúró pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ìyàwó rẹ̀ fi pè é lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà ló yíjú padà, tó bá ọlọ́pàá tó wà nídìí káńtà sọ̀rọ̀, kò wo Ọwọ́-Òwú.

"Ikọ́ fée ń yọ ọ́ lẹ́nu," ló wí. "Oògùn rẹ̀ wà nínú àpò òsì kóòtù tó wọ̀ yẹn. Ẹ má gbà á lọ́wọ́ rẹ̀."

Ó jáde sínú oòrùn.